Ojú kọ̀ǹpútà tí a rà fún ọmọ wa

Ọ̀rọ̀ écran la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ojú kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré géèmù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ná wa lówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wa ní ohun tó ju owó lọ.

Ọmọkùnrin wa ló yege ìdánwò BEPC. A ti ṣèlérí fún un tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan wà nílé wa ní Ko-Koumolou, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti fi káàdì àwòrán àlòkù sí i nínú. Tẹlifíṣọ̀n ilé ló máa ń so ó mọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wo fíìmù mọ́. Òun náà sì ń ráhùn pé bí òun bá tẹ bọ́tìnì, ńṣe ni agbábọ́ọ̀lù òun máa ń kọ́kọ́ ronú kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Àwáwí ẹni tó ń fìdí rẹmi la pè é. Àṣé òótọ́ ni: ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n máa ń tún àwòrán ṣe kí wọ́n tó gbé e síta, àtúnṣe náà sì ń gba àkókò. Àwọn kan ní “mode jeu” tó ń dín in kù. Tiwa kò ní in.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí 144, ẹ bá mi ra 144.” Ẹnì kan nínú wa, olùkọ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi orí bí ẹni tó mọ ohun tí 144 jẹ́.

Owó àjọ wa tó jáde jẹ́ 45,000 fráńkì. Páànù ilé ìdáná la ní lọ́kàn láti fi pààrọ̀, nítorí ó ti ń jò. A ní kí páànù ṣì dúró ná. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, fráńkì wa ń di náírà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ló fà wá gba Igolo kọjá sí Ìdírókò, tí a sì wọkọ̀ lọ síwájú. Ọlọ́jà kan gbé páálí kan jáde. “Ọ̀gá tíṣà, ẹ kà á fúnra yín, 144 nìyí.” A kà á. Ó tan ojú kọ̀ǹpútà náà, ó fi àwòrán òdòdó hàn wá, òdòdó ń tàn yanran. A sanwó. Òdòdó tó dúró sójú kan! Ojú kọ̀ǹpútà wo ni òdòdó kì í dára lórí rẹ̀?

Nígbà tí a gbé e délé, ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbàkígbà tí a bá bi í pé, “144 ńkọ́?”, ìdáhùn rẹ̀ ni pé, “Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣeun, Màmá.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tú àṣírí. Ó wá gba ohun ìsopọ̀ kékeré kan tí ó yá a, ó sì bi wá pé, “Ṣé ẹni tó tà á fún yín kò tíì dá owó yín padà ni?”

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní gan-an ni ọmọ wa ti mọ̀. Páálí ni páálí 144, ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò kọjá 60. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ihò míì ju ti VGA lọ, èyí tí IBM gbé jáde ní 1987. Ó ní òun kò fẹ́ kí ojú tì wá, òun sì mọ̀ pé owó páànù ni. Àwa tí à ń fìyà jẹ ọmọ iléèwé nítorí irọ́, a kò mọ ohun tí a ó sọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó lọ bu oúnjẹ fún un.

A pe ọlọ́jà. Ó ní ọjà tó bá ti jáde kì í wọlé mọ́.

Ìgbà náà la ní kí ọmọ jókòó kó kọ́ wa. Ó mú ẹfun. Nọ́ńbà yẹn ni iye ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà lè pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Pín 1,000 sí ọ̀nà 60: àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò dúró fún nǹkan bí 16.7 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Tó bá jẹ́ 75, ó di 13.3. Tó bá jẹ́ 144, kò pé 7. Ìṣirò CM2 ni, a sì ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní CM2 fún ọdún pípẹ́! A wá bi í pé, àwòrán mélòó ni kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gan-an lè ṣe? Ó ṣí géèmù tó fẹ́ràn jù, ó ní kó fi nọ́ńbà náà hàn ní igun: 70, 78, 74. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Agbọ̀n ńlá ló ń tọrọ, iṣu oko rẹ̀ kò sì lè kún un. 75 ti tó o.

Ohun tó ku, àwa la mọ̀ ọ́n, nítorí a mọ ilé wa. Ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣeré níbí. Ẹni kan mú pádì, ọmọ mẹ́fà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pariwo. Àwọn ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní TN yára, wọn kì í sì í wọ́nwó, ṣùgbọ́n bí o bá wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ wọn á ṣì. VA ní dúdú tó dúdú dáadáa, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, ohun tó bá ń sáré nínú òkùnkùn máa ń fa ìrù. IPS ni ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti ẹni tó wà lápá òsì jọ ń rí bákan náà. Fún ilé bíi tiwa, a ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti ìtóbi, pouces 24 ni, sẹ̀ǹtímítà 61 láti igun dé igun. A fi rúlà iléèwé wọ̀n ọ́n, gíláàsì nìkan, láìka etí rẹ̀. Bí ó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àmì inú rẹ̀ ṣì jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, ẹni tó jókòó sítòsí á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí kan tó ń tẹ ìwé ra ti ọ́fíìsì náà lọ́wọ́ wa ní 20,000. A sọ òtítọ́ fún un, ó ní lẹ́tà òun kò sáré. A fi 15,000 kún un, a lọ sí Àjàṣẹ́, tàwa tọmọ. Òun ló ṣáájú. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kó tó wo ojú rẹ̀, ó ka ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó wo ihò HDMI. Ó fi àwòrán funfun, dúdú àti pupa lásán hàn láti wá àmì tó ti kú. Ó ṣí ètò Windows, nítorí ojú kọ̀ǹpútà tó yára lè wà ní 60 títí ẹnì kan yóò fi yí i. 75 wà níbẹ̀, a rí i pẹ̀lú ojú wa. Ọlọ́jà bi wá bóyá oníṣẹ́ ẹ̀rọ la mú wá.

A ti tan án láti ọjọ́ Sátidé. Kò ní ohùn nínú, nítorí náà a ṣì ń wá gbohùngbohùn kékeré. Ilé ìdáná ń jò bó ṣe ń jò. A gbé agbada sábẹ́ rẹ̀.