WỌ́N NÍ A Ò JỌ DADDY

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kan fún yín lónìí.

Nígbà tí wọ́n gbé àwa tọkọtaya lọ sí ìjọ tuntun, pásítọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣáájú wa ti lo ọdún 14. Gbogbo ìjọ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, màmá kan tó máa ń jókòó níwájú pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ẹ má bínú o, Daddy kì í ṣe é báyìí."

Kí la wá ṣe? A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi Daddy. A pariwo bíi tiẹ̀, a dá orin bíi tiẹ̀, a tiẹ̀ lọ rán kóòtù funfun. Ohùn wa há. Èrò sì ń dín kù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ wa ń wo fíìmù James Bond tí wọ́n ń pè ní Casino Royale. A jókòó tì wọ́n. (Ẹ má wò wá bẹ́ẹ̀ yẹn o, pásítọ̀ náà máa ń wo fíìmù!)

Gbígba ipò ẹni táráyé fẹ́ràn kì í ṣe kékeré. Sean Connery ló bẹ̀rẹ̀ Bond ní 1962. George Lazenby gbà á ní 1969, fíìmù kan péré ló ṣe. Nígbà tó fi máa di 1971, Connery ni wọ́n tún pè padà. Nígbà tí wọ́n wá kéde Daniel Craig ní 2005, ariwo ta. Wọ́n ní irun Bond kì í ṣe aláwọ̀ wúrà. Àwọn kan ní àwọn ò ní wò ó rárá.

Ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n ṣe. Wọn ò ní kó máa ṣe bíi Connery. Wọ́n dá ìtàn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí Bond ò tíì gba nọ́ńbà 007. Ó ń ṣàṣìṣe, ó ń ṣèṣe. Gbólóhùn tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, èyí tó fi máa ń dárúkọ ara rẹ̀, ìparí fíìmù ló tó sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ yẹ fún orúkọ náà ná! Fíìmù ọ̀hún sì pa owó tó lé ní 500 mílíọ̀nù dọ́là.

Èyí tó wọ̀ wá lọ́kàn jù nìyí: wọn ò lé gbogbo ará ilé àtijọ́ dànù. Judi Dench, màmá tó ti ń ṣe ọ̀gá Bond láti 1995, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí àga rẹ̀. Òun ló ń bá Bond tuntun wí.

A ò lè sùn lóru yẹn. Dáfídì bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀, àwa lọ rán tiwa!

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kóòtù funfun dúró sílé. A wàásù jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn tí Ọlọ́run fún wa. Lẹ́yìn ìsìn, a lọ sílé màmá yẹn, a ní, "Mà, ẹ bá wa tọ́jú ìjọ yìí. Ibi tá a bá ti ṣì í ṣe, ẹ pè wá." Màmá bú sẹ́kún. "Pásítọ̀, mi ò kórìíra yín. Àárò Daddy ló ń sọ mí."

A ò ní purọ́ fún yín: àwọn kan lọ, wọn ò padà. Àmọ́ màmá yẹn ló ń darí àdúrà òwúrọ̀ wa báyìí.

Craig náà ṣe fíìmù márùn-ún, ó parí tiẹ̀ ní 2021. Àwa náà á lọ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń jókòó lórí àga ló ń pààrọ̀. Ẹni tó ni ìjọ ò yí padà.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sípò ẹlòmíì, níbi iṣẹ́ tàbí nínú ìjọ, ẹ bọ́ kóòtù onílé sílẹ̀ fún un. Oore-ọ̀fẹ́ tiyín á tó yín, lórúkọ Jésù.

Tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ kọ Àmín síbẹ̀.