Akọ̀wé àti Òǹkọ̀wé

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè Yorùbá tó jọra bí ìbejì: akọ̀wé àti òǹkọ̀wé. Ẹni tó ń kọ ìwé ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Akọ̀wé ń kọ ohun tí iṣẹ́ tàbí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó kọ: àkọsílẹ̀ ìpàdé, lẹ́tà, owó ẹgbẹ́. Òǹkọ̀wé ń kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò. Ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin, níbi tí ìyá mi ti ń ta ata, gbogbo ènìyàn ló mọ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláta, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni ní òǹkọ̀wé níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé ìwé kíkọ ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé mi!" Ọ́fíìsì ìjọba ló wá sí wọn lọ́kàn. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ìtàn àti ewì ni mò ń wí, ojú wọn yí padà. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé irọ́ lo fẹ́ máa pa jẹun ni, àbí o fẹ́ máa ṣagbe?" N kò bínú. Ọ̀rọ̀ bí n ó ṣe rí oúnjẹ jẹ ló ká wọn lára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orúkọ àwọn tó ń kọ̀wé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí orúkọ iṣẹ́ máa ń sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi agbe bẹ̀rẹ̀. Alágbe wà lóde àríyá: ó ń lùlù, ó ń ki olówó kí olówó lè náwó fún un. Iṣẹ́ ni, ó sì gba ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n akéwì ni ẹni tó ni ewì. "Ké" ló wà nínú orúkọ yẹn, kì í ṣe "kọ". Ẹni tó ń ké ń gbé ohùn sókè kí ará ìlú lè gbọ́. Ní 1927, Dẹńrelé Ọbasá gbé ìwé ewì jáde ní Ìbàdàn, ó pè é ní Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì. Ewì ti bọ́ sínú ìwé, síbẹ̀ "ké" kò kúrò nínú orúkọ náà. Láńrewájú Adépọ̀ ké tirẹ̀ lórí rédíò àti nínú àwo, ó sì ń fi bá àwọn olóṣèlú wí. Ẹni tó ń bá olóṣèlú wí kò jọ alágbe.

Irọ́ ńkọ́? Ìtàn àròsọ ni à ń pe ìwé tí òyìnbó ń pè ní nọ́fẹ́ẹ̀lì. "Rò" àti "sọ" ló wà nínú rẹ̀: ohun tí a rò kí a tó sọ ọ́. Òpùrọ́ fẹ́ fi òtítọ́ pamọ́. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ń wá ọ̀nà tí yóò fi hàn án. Ní Èkó níbí, láàárín 1929 àti 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde bí ẹni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló kọ wọ́n. Àìsàn ti dá obìnrin náà gúnlẹ̀, ó ń ròyìn bí ó ṣe lo ayé rẹ̀ kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́gbọ́n. Akọ̀ròyìn ni Thomas, ṣùgbọ́n nínú àwọn lẹ́tà yẹn, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú Sẹ̀gilọlá yẹn wà ní àdúgbò wa. Wọn kò pè é ní irọ́ mọ́.

Bí a bá gbọ́ eléré, ijó àti orin ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Hubert Ògúndé ń jó, ó ń kọrin, òun náà ló sì ń kọ eré ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é. Kì í ṣe ijó ló bí wọn nínú. Ọ̀rọ̀ inú eré náà ni. Lónìí, ilé eré ńlá Ìgànmú tí à ń rí bí a bá ń ti Surulere lọ sí Erékùṣù ti ń jẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé eré, Wọlé Ṣóyínká, láti 2024.

Amos Tutùọ́lá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Mẹ́sẹ́ńjà ni ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Àwọn akọ̀wé jókòó, òun ń jíṣẹ́ fún wọn. Ní 1952, ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ẹni tí gbogbo ayé ń kà. Nínú ọ́fíìsì tó kún fún akọ̀wé, mẹ́sẹ́ńjà ni òǹkọ̀wé. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ló ń bọ́ ọ nígbà tí ó ń kọ ọ́. Èmi náà yóò kọ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ìwé kíkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin náà ní orúkọ tiyín: lámèyítọ́, ẹni tó mọ èyí tó tọ́. Ẹ bá wa ka ohun tí a kọ, kí ẹ sọ ibi tó ti wọ́ fún wa. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ máa kọ̀wé, ẹ bi í pé irú òǹkọ̀wé wo ló fẹ́ jẹ́: ṣé akéwì ni, òǹkọ̀wé eré, tàbí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ? Ọmọ tó bá lè dá yín lóhùn ti mọ ibi tí ó ń lọ.