Ọta Tí Ọdẹ Bá Yàn, Inú Ìkòkò Ọbẹ̀ Ló Ń Bọ̀

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí á dojú rẹ̀ kọ òun? Gbogbo wa la mọ ohun tí òwe yìí ń wí: ìbọn kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ọdẹ bá wà, ìbéèrè mìíràn tún wà tí a kì í sábà bi ara wa. Lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún, tí ẹran sì ti ṣubú, níbo ni ọta náà gbà lọ?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ́ ọdẹ ní agbègbè Ìgèdè-Èkìtì, kò jìnnà sí Adó-Èkìtì tí èmi ń gbé. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Láti ìgbà tí ó ti gbọ́ pé àbúrò mi obìnrin lóyún ni ó ti ń fi ẹran ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí i: itan ọ̀yà lónìí, apá ẹtu lọ́la. Lójú tirẹ̀, ẹni tó gbé iyán kalẹ̀ fún aboyún láìsí ẹran gidi nínú ọbẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, eyín àbúrò mi kan hóró òjé nínú ẹran náà. Ó tu ú sọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn olóòṣà Ọbàtálá ń fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ gbà, inú lè má gbà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì ń ti ara ìyá dé ara ọmọ inú. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé inú òkúta tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ láti wá wúrà pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Lóòótọ́, hóró kan nínú ọ̀yà kò tó eruku òkúta Zamfara. Ṣùgbọ́n aboyún tó ń jẹ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń kọ́? Àti pé báwo ni ọmọ ṣe ń wí irú rẹ̀ fún àgbà, tí kò fi ní dà bí ẹni tó da ẹ̀bùn rẹ̀ nù?

Mo lọ sí Ìgèdè, mo kí Bàbá ní "Àrìnpa o!" N kò tíì dárúkọ òjé. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ọta.

Inú wọn dùn sí i. Ṣakabùlà kì í lo kátíríìjì. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò wọn ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi àkísà dí i, yóò da ọta lé e, yóò tún fi àkísà mìíràn dí i, yóò sì fi ọ̀pá irin kì í mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀tù bá kéré, ẹran yóò gbé ọgbẹ́ lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ọta náà ní ìlànà tirẹ̀: wẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ̀yà àti àparò, ńláńlá fún ìgalà àti túùkú.

"Ẹni tó bá fi ọta ọ̀yà yin túùkú," ni Bàbá wí, "ó kàn dá a lóró ni. Yóò lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i jẹ."

Ìdí tí òjé fi wu ọdẹ kò ṣòro láti mọ̀. Ó wúwo, ó rọ̀, iná ìdáná lásán sì lè yọ́ ọ. Rírọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀: bí ó bá kan egungun, a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí.

Àwọn ọdẹ òkè òkun náà bá ọ̀rọ̀ yìí wọ ìjàkadì. Ní ọdún 1946, ará Amẹ́ríkà kan, John Nosler, ń dọdẹ ní Kánádà. Ọta rẹ̀ fọ́ sára ẹranko ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín, kò sì wọlé tó bó ṣe yẹ. Ó lọ ṣe ọta oníyàrá méjì tí bàbà dá sí méjì: iwájú yóò ṣí, ẹ̀yìn yóò máa wọlé lọ. Ní ọdún 1989, ilé iṣẹ́ Barnes gbé ọta X jáde, bàbà látòkè délẹ̀, tó ń là bí òdòdó láìfọ́ dànù. Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn di kátíríìjì ráífù ọdẹ ń san owó tó pọ̀ lé irú ọta bẹ́ẹ̀. Kí ẹran lè tètè kú ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń ro ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ní ọdún 2008, àwọn aláṣẹ ìlera ní North Dakota ní kí wọ́n da ẹran àgbọ̀nrín tí wọ́n fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ nù, nítorí òjé. Láti ọdún 2019, òfin California kò gba ọta òjé láyè nínú iṣẹ́ ọdẹ mọ́.

Bàbá kò ní ọta bàbà, kò sì lè ní in. Ráífù ni wọ́n ṣe é fún, òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 sì ya ìwé àṣẹ ráífù ọdẹ sọ́tọ̀ sí ti ṣakabùlà. Ọta irin pàápàá le ju òjé lọ, ó lè ha inú ìbọn tí wọn kò ṣe fún un. N kò lè wá láti Adó wá kọ́ ọdẹ bí yóò ṣe kì ìbọn rẹ̀.

Mo wá sọ ohun tí mo bá wá. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹran tàkúté náà ní òjé nínú?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ohun tó ń dà ọ́ láàmú nìyẹn? Tàkúté mi ò sì sùn." Láti ọjọ́ náà, òkété àti ọ̀yà inú tàkúté ni ó ń wọ ilé àbúrò mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọdẹ nílé, ẹ jẹ́ kí ẹran tí ìbọn pa fo aboyún àti àwọn ọmọ kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ó gé gbogbo ibi tí ọta gbà kọjá dànù, àti ẹran tó yí i ká tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí. Ẹ má ṣe fún ajá jẹ. Ẹ má sì fi ohun kíkan sè é, nítorí ìkan a máa fa òjé sínú omi ọbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran ìgbẹ́ lọ́jà, kí ẹ tó ná an, ẹ bi í pé: ìbọn ni àbí tàkúté? Ìbéèrè náà kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.