Jẹ́ Kí Wọ́n Mọ Ọwọ́ Tó Ń Rẹ Aṣọ

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Bùkọ́lá,

O ní àdìrẹ rẹ dára ṣùgbọ́n ọjà kò yá. Lójú tèmi, aṣọ nìkan ni àwọn oníbàárà ń rí, wọn kò rí ìwọ. Lórí àtẹ ní ọjà Ìtòkú, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fọwọ́ ṣe, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹni tó ń wo fọ́tò lórí fóònù kò lè dá wọn mọ̀. Ẹni tó ń tà á ló máa gbọ́kàn lé. Nítorí náà, máa fi iṣẹ́ rẹ hàn lórí Instagram àti WhatsApp, kí ó ní ọjọ́, kí ó sì ní ètò.

Mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ kan, jẹ́ kí wọ́n rí bí o ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, pé ojú kan péré lára aṣọ ni ẹ̀kọ ń wà, àti bí o ṣe ń ha á kúrò nígbà tí aṣọ bá ti inú aró jáde tó sì gbẹ. Ẹ̀rọ kò ní irú èyí láti fi hàn. Lọ́sẹ̀ kejì, sọ ìtàn ọnà kan. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó tó wà nínú ọnà Ìbàdàndùn nìkan tó ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà, dáhùn ohun tí wọ́n máa ń bi ọ́: ṣé aró rẹ̀ á ṣí? Báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́? Ya fídíò oṣù kan pa pọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó má baà dí ọ lọ́wọ́. Má gbé ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ rẹ síbẹ̀ o.

O lè ní wọn á jí iṣẹ́ rẹ kọ́. Wo Màmá Nike Davies-Okundaye, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òṣogbo láti nǹkan bí ogójì ọdún. Bí ìmọ̀ tí a tú síta bá ń pa ọlọ́jà, òun ni ì bá kọ́kọ́ kógbá wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń gbé orúkọ rẹ̀ kiri. O sì lè ní ọjà tó dára kì í fẹ́ ariwo. Òótọ́ ni, nígbà tí oníbàárà bá lè fọwọ́ kan aṣọ lọ́jà. Ẹni tó wà níbí kò lè fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó máa kọ́kọ́ wò ó kò ní pọ̀. Láti 2018 ni Tunde Onakoya ti ń gbé ìtàn àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì síta, kí ó tó di pé ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ọgọ́ta wákàtí ní Times Square ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Àwọn ènìyàn ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Iye ẹni tó béèrè owó aṣọ ni kí o máa kọ sílẹ̀, má ka ti àwọn tó kàn tẹ ọkàn pupa.

Jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ ní Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí o sì fi fídíò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi kí o tó gbé e síta.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adéwálé