Ẹ̀fọn Kò Mọ Ààlà: Máàpù àti Ojú Tí A Fi Ń Wo Ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá máàpù mu gan-an ni. Máàpù, èyí tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní àwòrán ilẹ̀, ń fi òpópónà, ààlà àti orúkọ hàn wá, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó yà á ni ó fi ń wò. Ohun tí ẹni náà kò kà sí kì í hàn lórí rẹ̀. Bí kò bá sì hàn, kì í pẹ́ kí àwọn tó ń kà á tó gbà pé kò sí. Báyìí ni bébà pẹlẹbẹ kan ṣe ń kọ́ ènìyàn bí odò, òkè àti igbó ti rí. Ìkẹjà GRA jẹ́ ibi tó dára láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ẹni tó bá ṣí máàpù GRA, ìbáà ṣe lórí bébà tàbí lórí fóònù, yóò rí àdúgbò tó létò. Isaac John wà níbẹ̀, Joel Ògúnnáíkè wà níbẹ̀, Odùduwà náà kò gbẹ́yìn. Àní Ṣóbọ̀ Aróbíodu, akéwì Ẹ̀gbá tí àwọn ìwé ewì rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ní òpópónà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ igi tó ṣíji bo òpópónà náà? Ibo ni ilẹ̀ ti ga, ibo ló ti rẹlẹ̀? Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà wo ni omi ń gbà lọ? Máàpù kò sọ.

Irú àdúgbò báyìí kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní 1897, àwọn aláṣẹ òyìnbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń wá ọ̀nà tí ibà kò fi ní pa àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Àwọn kan gbà pé ara àwọn ọmọ Áfíríkà, pàápàá àwọn ọmọdé, ni ẹ̀fọn ti ń kó ibà, nítorí náà kí á fi ìlà ya òyìnbó sọ́tọ̀. Wọ́n kọ́ Hill Station sórí òkè ní Freetown ní 1904. Ní Nàìjíríà, òfin ìlú tí Lugard ṣe ní 1917 sọ pé kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì, bí irínwó mítà, wà láàrin ibùgbé òyìnbó àti ti ọmọ onílẹ̀. Inú èrò yìí ni àwọn GRA ti ṣẹ̀ wá, ti Ìkẹjà pẹ̀lú wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnìkan ti kọ èrò yìí tẹ́lẹ̀. William MacGregor, oníṣègùn tó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, kò fẹ́ kí á fi ìlà ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí á fa omi ẹrẹ̀ kúrò, kí á sì fún gbogbo ènìyàn ní kwiníìnì, dúdú àti funfun. Ojú omi tí wọ́n gbẹ́ láàrin Èkó àti Ìkòyí, MacGregor Canal, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní. Àwọn tó tẹjú mọ́ máàpù rò pé ìlà yóò dá àrùn dúró. MacGregor wo ilẹ̀, ó rí i pé omi ni ẹ̀fọn ti ń jáde. Ẹ̀fọn kò mọ̀wé, kò lè ka ààlà.

Omi náà kò mọ ààlà. Odò Ìyá Aláró kò jìnnà sí GRA. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀pẹ̀bì àti Ojota kọjá, ó sì forí lé ọ̀sà. Orúkọ rẹ̀ ń rán ènìyàn létí àwọn ìyá tó ń rẹ aṣọ, iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe láìsí omi púpọ̀. Lónìí, omi ìdọ̀tí ilé àti ti ilé-iṣẹ́ ń ṣàn sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń gba orí afárá kọjá sì ń pè é ní gọ́tà. Máàpù lọ́wọ́ nínú èyí. Lórí èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, òpópónà fẹ̀, odò sì tín-ín-rín. Lórí èyí tí a fi ń ta ilẹ̀, pulọ́ọ̀tì onígun mẹ́rin ló tò tẹ̀léra, bí ẹni pé ilẹ̀ gbogbo gbẹ bákan náà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, omi sì wọlé onílé káàkiri. Ọjọ́ náà ni omi ya máàpù tirẹ̀. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ilé kan ní Mende, ní Maryland, wọ́n ní ó dí ojú omi tí ìwé ìjọba ń pè ní System 1. Ẹkún ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹkún irú bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí pulọ́ọ̀tì ti rọ́pò odò lójú bébà. Kí á sì wo orúkọ náà dáadáa. Ọmọ tó bá gbọ́ Ìyá Aláró yóò bèèrè pé ta ni ìyá náà. Ta ni yóò bèèrè ìtàn nọ́ńbà kìíní?

Bí máàpù ṣe lè pa odò rẹ́, bẹ́ẹ̀ ló lè dá òkè tí kò sí. Ní 1798, James Rennell, gbajúmọ̀ ayàmáàpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya ọ̀wọ́ òkè gígùn kan kọjá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó pè é ní Òkè Kong. Ìròyìn Mungo Park ló gbé e lé, ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ wà nínú rẹ̀: ó gbà pé Odò Ọya kò dé òkun, pé àárín ilẹ̀ ló ti ń gbẹ, nítorí náà òkè gbọ́dọ̀ wà tó dí i lọ́nà níhà gúúsù. Ní 1830, Richard àti John Lander wọ ọkọ̀ ojú omi láti Bùsà títí dé ibi tí Ọya ti wọ òkun. Odò ti já irọ́ náà, síbẹ̀ òkè kò kúrò lórí máàpù. Ó di 1888 kí Louis-Gustave Binger, ará Faransé, tó dé Kong, tó sì rí i pé kò sí ọ̀wọ́ òkè kankan níbẹ̀. Fún àádọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ayàmáàpù fi ń da òkè náà kọ lára ìwé ara wọn, láìsí ẹni tó gùn ún rí.

Máàpù ayé tí Mercator ṣe ní 1569 fún àwọn atukọ̀ ṣì wà lára ògiri kíláàsì púpọ̀. Lórí rẹ̀, Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi jù ú ní ìlọ́po mẹ́rìnlá. Ní 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ìpè pé kí á fi èyí tó fi ìwọ̀n ilẹ̀ hàn bó ṣe rí rọ́pò rẹ̀.

Kí bébà tó dé, orúkọ ni máàpù Yorùbá. Ìdí-Mángòrò ní ọ̀nà Agége ń sọ igi. Òkè-Odò ń sọ bí ilẹ̀ ti dúró sí omi. Ẹni tó sọ ibẹ̀ lórúkọ fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Lóòótọ́, máàpù yìí náà ní àbùkù: igi lè wó kí orúkọ kù, orúkọ kò sì lè sọ iye mítà. Nítorí náà, kí á má ju ti bébà nù. Kí á fi èkíní yẹ èkejì wò.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí ọmọ kíláàsì rẹ̀ lóye èyí kò nílò owó. Kí ó ní kí wọ́n ya àdúgbò wọn láìkọ orúkọ òpópónà kankan: kí wọ́n ya ibi tí omi ń dúró sí lẹ́yìn òjò, igi tó dàgbà jù, àti ọ̀nà tí gọ́tà ń ṣàn sí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú fóònù, kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ méjèèjì: ta ló yà ọ́, kí ló fẹ́ fi ọ́ ṣe, kí ni kò fi sí i? Ọmọ tó bá ti mọ ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àlejò mọ́ lórí ilẹ̀ tó ń tẹ̀.