Owó Pọ̀, Òmìnira Ńkọ́?

Bí ìjà bá ti dé láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ baseball l'Amẹ́ríkà àti àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, àwa òǹwòran kì í pẹ́ sọ pé: "Ẹni tó ń gba mílíọ̀nù, kí ló tún ń wá?"

Ẹ jẹ́ ká wo Curt Flood. $90,000 ló gbà ní 1969. Ẹgbẹ́ rẹ̀, St. Louis Cardinals, kàn ní kó máa lọ sí Philadelphia ni. Kò láṣẹ láti yan ibòmíràn. Flood kọ̀ jálẹ̀: òun kì í ṣe ẹrù ọjà. Ó pẹjọ́, ó sì pàdánù ní 1972. Nígbà tí onílàjà kan fi máa tú àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1975, Flood ti kúrò lórí pápá.

Bí ọ̀gá bá yọ wá lẹ́nu, àwa lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí Flood ń bèèrè náà nìyẹn.