Ta Ni Yóò Máa Ṣílẹ̀kùn Rẹ̀ Láràárọ̀?

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ìlú pé ká wá wo àwòrán ilé ìkàwé tuntun. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ká tó dé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Dígí aláwọ̀ búlúù bo gbogbo iwájú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òpó ńlá mẹ́rin dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti fi àyè sílẹ̀ lára ògiri fún òkúta tí wọn yóò kọ orúkọ àwọn tó bá dáwó sí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ó ti lé ní ogún ọdún tá a ti ń sọ ọ́ ní ìlú wa yìí, ní Òkè-Ògùn, pé ó yẹ ká ní ilé ìkàwé tiwa.

Ìyá àgbàlagbà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti ta oúnjẹ títí wọ́n fi darúgbó, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọn kò mọ̀. Wọ́n wo àwòrán náà tí tí tí, wọ́n wá béèrè pé, “Ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀?” Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí iye tí wọ́n ń ta búlọ́ọ̀kù. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé, òun ló sì mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

A ti ní yàrá ìkàwé rí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò mọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà gan-an. Fèrèsé méjì ló ní, méjèèjì sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Kíláàsì karùn-ún nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwé kan lè wà tí olùkọ́ kò ní bi mí léèrè ohunkóhun lórí rẹ̀, tí mo lè kà kìkì nítorí pé ó wù mí. Bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá ti dá ìwé padà tí kò ya, tí kò sì lépo lára, wọ́n á ti gbé òmíràn sílẹ̀ dè mí kí n tó béèrè.

Ìgbà tó yá, owó oṣù wọn dáwọ́ dúró. Bàbá ṣì ń wá fún nǹkan bí ọdún kan, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n tó gba oko wọn lọ. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí, wọ́n lọ́mọ lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni a wọlé. Ìwé tò sórí pẹpẹ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní kékeré, àkọlé ẹ̀yìn wọn ṣì ṣeé kà. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó dà sílẹ̀ bí erùpẹ̀. Ikán ti jẹ inú gbogbo wọn tán, èèpo ẹ̀yìn nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́, mo sì sunkún.

Ohun tó wà lójú mi nìyẹn nígbà tí mo ń wo dígí búlúù.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí dígí. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n kọjú ilé náà sí nínú àwòrán kí àwọn tó ń kọjá lè rí i, ojú ọ̀nà yẹn sì wà níhà ìwọ̀ oòrùn. Aago méjì ọ̀sán ni àwọn ọmọ ń jáde nílé ìwé. Láti aago méjì títí di aago mẹ́fà tí wọ́n máa fẹ́ jókòó kàwé, ojú oòrùn ni wọn yóò wà. Dígí yóò gba ooru wọlé, kò sì ní jẹ́ kó jáde. Wọ́n ní a ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Iná wo ni yóò gbé e? Ní ìlú tí iná ọba lè lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò yẹ ká kọ́ ilé tí èèyàn kò lè jókòó sínú rẹ̀ bí iná kò bá sí.

Mo lo ọdún mẹ́rin ní Yunifásítì Ìbàdàn, inú ilé ìkàwé Kenneth Dike ni mo sì ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé mi. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará Ìlú Ọba, ló yàwòrán rẹ̀. Ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti wá, àmọ́ wọ́n farabalẹ̀ kọ́ nípa oòrùn wa àti afẹ́fẹ́ wa kí wọ́n tó fa ìlà kankan. Ògiri oníhò ni wọ́n fi bo ara ilé náà, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ihò wọ̀nyẹn wọlé láìsí gbígbóná, atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iná, a ṣì ń kàwé títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwọn baba ńlá wa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Agbo ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí ní àgbàlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, etí òrùlé sì wá sílẹ̀ débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Lọ́sàn-án oṣù Èrèlé, tí ilẹ̀ ìta ń jóni lẹ́sẹ̀, orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni àwọn àgbà ti ń sùn.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ wá nìyẹn: ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó gùn, tí ìhà tóóró rẹ̀ kọjú sí ìlà àti ìwọ̀ oòrùn, tí fèrèsé rẹ̀ wà níhà àríwá àti gúúsù, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò sì wà lára rẹ̀. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, nítorí òjò wa kì í rọ̀ lóòró, ìjì ló máa ń gbé e wá ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi àjà tó nípọn sábẹ́ páànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí òjò bá ti dé, èèyàn kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ ga, kí wọ́n sì da oògùn ikán sí ilẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni kọngílá ti máa ń dín owó kù, torí ojú kì í rí oògùn lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti bò ó. Kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé náà dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà títí wọn yóò fi parí. Kí pẹpẹ jẹ́ ti irin, kí ó jìnnà sí ògiri níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ju ìdá 65 nínú 100 lọ, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, lásìkò òjò sì rèé, tiwa máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àwọn kan bínú nígbà tí mo ní ká fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Wọ́n ní ìlú kejì ti ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé wúwo. Pẹpẹ kan tó ní àjà mẹ́fà, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà kan, bí ìwé bá kún un, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Ẹ wá to ogún irú rẹ̀ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n dà fún èèyàn láti máa gbé, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹ lè rán ọmọ yín lọ jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀. Àti pé ta ni yóò gun àtẹ̀gùn yẹn? Ìyá tó béèrè ìbéèrè níjọ́sí kò lè gùn ún. Ọmọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn ládùúgbò wa kò lè gùn ún. Bí a bá kọ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí a sì ṣe ọ̀nà ìdàgẹ̀rẹ̀ sí i, tó jẹ́ pé fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan tó bá gòkè, ọ̀nà náà á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, òun fúnra rẹ̀ á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Yàrá kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú sólà tirẹ̀. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Mo ti rí ọmọ tó mọ físíìsì dáadáa, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé rẹ̀. Ìbẹ̀rù ló pa á láyò, kì í ṣe àìmọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ owó ni ìbéèrè ìyá yẹn, ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn, wá kàn. Andrew Carnegie, ọmọ ahunṣọ ará Scotland tó lọ di olówó irin ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ ló kọ́ ilé ìkàwé 2,509 láàárín ọdún 1883 sí 1929, 1,689 nínú wọn sì wà ní Amẹ́ríkà. Kì í kàn dáwó fún ìlú bẹ́ẹ̀. Ìlú gbọ́dọ̀ pèsè ilẹ̀, kí wọ́n sì buwọ́ lùwé pé lọ́dọọdún, àwọn yóò máa ná ìdá mẹ́wàá owó tó fún wọn lórí ìtọ́jú ilé náà. Bó bá fún wọn ní dọ́là 10,000, dọ́là 1,000 ni wọn yóò máa wá lọ́dún. Àwọn ìlú kan kọ̀, wọ́n ní ó ti le jù. Lọ́dún 1911, akọ̀wé rẹ̀, James Bertram, tẹ ìwé pélébé kan jáde láti fi kìlọ̀ fún àwọn ayàwòrán tó ń fi owó Carnegie ṣe òpó àti àtẹ̀gùn ńláńlá. Ohun tó fẹ́ ni ilé tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè dúró sójú kan kó sì rí gbogbo inú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé fèrèsé ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn sókè kí pẹpẹ lè wà nísàlẹ̀ wọn; ìyẹn dára fún ilẹ̀ olótùútù, kò dára fún tiwa. Ti òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ni kí a gbà, nítorí a kò lè sanwó fún mẹ́fà.

Nílé wa níbí, ọdún 1953 ni àjọ UNESCO pe àwọn èèyàn láti onírúurú ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò ilé ìkàwé ará ìlú. Kì í ṣe àná la bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sì wo Àbújá: ọdún 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé tuntun ti National Library fún kọngílá. Lọ́dún 2025, ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, ṣì ń bẹ àwọn èèyàn pé dípò ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, kí wọ́n dáwó tí òun yóò fi bá wọn parí rẹ̀. Bí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ kò bá lè ká òpó àti dígí, kí ni tiwa?

Mo ṣírò rẹ̀ lórí pépà. Ká ní ilé tí mo ń sọ yìí ná wa ní mílíọ̀nù 40 náírà. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4 lọ́dún. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ lọ́dún 2024 ni 70,000 náírà. Bí a bá gba èèyàn méjì, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àti ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́, 1,680,000 náírà ni lọ́dún, ó sì dájú pé ó yẹ ká fún ẹni àkọ́kọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó kù ni yóò ra ìwé tuntun, oògùn ikán àti bátìrì sólà, tí yóò sì tún páànù tó bá jò ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ìlú wa lè wá owó yìí. À ń ná ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́jọ́ ọdún ìlú.

Ẹ̀yin ọmọ bíbí ìlú wa tó wà ní Èkó, ní Lọ́ndọ̀nù àti ní Houston, mo mọ̀ pé ẹ ti ń kó ìwé sínú páálí láti fi ránṣẹ́. Ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó ti dá owó búlọ́ọ̀kù. Kí a tó dá a, ẹ bá wa kọ́kọ́ kó owó oṣù ọdún mẹ́ta fún èèyàn méjì sí báńkì, lórúkọ ilé ìkàwé. Ó kéré tán, 5,040,000 náírà ni.